Orúnkún Amọ̀kòkò

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń fi ohun yíyọ̀ ra ikùn abiyamọ
nínú yàrá kékeré kan l'Ílọrin, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí igi máńgòrò.
Bí mo bá fún ìgò, á dún pùrẹ́,
aláboyún á fò: "Yé! Ó mà tutù o!"
Mo ti gbọ́ ọ tó ẹgbẹ̀rún ìgbà.
Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá ẹ̀rọ mi.
Bó bá ku bíńtín láàrin awọ àti irin,
ariwo lásán ni n ó rí, bí òjò lórí páànù.
Ohun yíyọ̀ yìí ló ń bá mi kan ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Àlàmísì kan, Àfúsátù Àjíún wọlé láti Dàda, lápá Òkèlélè.
Ó fọwọ́ ti ògiri, ó ń fi ẹsẹ̀ tọrọ ilẹ̀.
Kì í ṣe oyún. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ ti ní ọmọ.
Orúnkún ni.
Ó lé lógójì ọdún tó ti ń mọ ìkòkò;
ìkòkò kì í yí, ó ní, amọ̀kòkò ló ń yí,
a bẹ̀rẹ̀, a fẹ̀yìn rìn, a yí i ká títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Mo da jẹ́lì sí i lórúnkún. Kò fò.
Ó fi ìka méjì mú díẹ̀ níbẹ̀,
ó pa á pọ̀, ó fà á ya, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀
bí ẹni tí ń yẹ amọ̀ tí ọmọ kọ́ṣẹ́ pò wò.
"Omi rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ta ló pò ó?"
Mi ò mọ̀. Inú páálí ló ti máa ń wá.

Ó ní àwọn náà ní tiwọn:
èèpo èso igi irú tí wọ́n rẹ sómi títí á fi ki,
tí wọ́n á fi wọ́n ìkòkò bó ṣe ń tinú iná bọ̀.
Á hó ṣàà! Ara rẹ̀ á dán, kò ní jò mọ́.

Mo ní, "Màmá, ẹ wò ó."
Egungun funfun méjì, òkùnkùn tẹ́ẹ́rẹ́ láàrin wọn.
Ibẹ̀ ló yẹ kí omi orúnkún wà, tí ń fà bí funfun ẹyin tútù.
Tiwọn ti ṣàn, bí ẹ̀kọ àná tó ti domi.
Ni mo bá sọ̀rọ̀ jù:
pé inú ẹyinjú tí a fi ń ríran, ohun dídì ló kún ibẹ̀;
pé ohun yíyọ̀ ló wé iṣan inú ìwọ́ ọmọ
kó má baà lọ́, kó má dènà ẹ̀jẹ̀;
pé kí ọmọ tó dé, èdídì kan á kọ́kọ́ já, tó ki, tó ń fà,
àwọn agbẹ̀bí mọ̀ ọ́n.
"Èmi náà mọ̀ ọ́n," ni màmá wí. "Ọmọ méje."

Ẹ̀kọ tí kò tíì dì tán ni wá, nínú ewé.

Dókítà egungun ní abẹ́rẹ́ wà,
wọ́n á fi jẹ́lì sínú orúnkún náà, ó lè tó oṣù mẹ́fà.
Ó dárúkọ owó.
Ètè màmá ń mì. Mo rò pé àdúà ni.
Ìṣirò ni. "Ọgọ́fà ìkòkò," ó ní,
"tí n ó kọ́kọ́ fi orúnkún yìí mọ."
Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ojú sì tì mí.

Ìrun ló ń dùn ún jù. Orí àga ló ti ń kírun báyìí,
iwájú orí rẹ̀ ò kan ẹní láti oṣù Rájábù.
"Ilẹ̀ tí mo ti ń bu amọ̀ jẹun,
mi ò lè forí kàn án mọ́."

Mo na aṣọ ìnura sí i. Kò gbà á.
Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kó jẹ́lì tó kù,
ó fi ra ẹ̀yìn ọwọ́ méjèèjì níbi tí amọ̀ ti jẹ ẹ́;
ohun tí a fowó rà, ó ní, a kì í nù ún dànù.

Lẹ́yìn tó lọ, ọwọ́ ilẹ̀kùn ń dán.
Aláboyún tó kàn dì í mú, ó yọ̀ bọ̀rọ́.
"Yé! Kí lèyí?"